Ẹ Má Fi Ìwo Mọ Giramafóònù

Nígbà tí àwọn ọmọ bàbá kan ní Ìyànsán, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ń palẹ̀ yàrá olóògbé mọ́, wọ́n fa àpótí dúdú kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí abọ́ tí àwo orin ń yí lé lórí, wọ́n rí apá onírin tó tẹ̀ kọrọdọ, ṣùgbọ́n wọn ò rí ìwo. Àbíkẹ́yìn wọn ní ẹ̀rọ náà ti di ahoro, ìwo rẹ̀ ti sọnù. Ó gbé e lọ sí Òkìtìpupa, ó tà á fún ẹni tó ń ra irin àlòkù. Owó tó gbà lórí rẹ̀ kò tó ra kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan.

Ìwo kankan kò sọnù. HMV 102 ni ẹ̀rọ yẹn, giramafóònù alágbèéká tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 1931, inú ikùn àpótí ni wọ́n sì kọ́ ọ̀nà ohùn rẹ̀ sí. Ìdérí tí èèyàn bá ṣí sílẹ̀ ló ń darí orin síwájú. Àwọn àgbà tó gbé e lọ sóde àríyá nígbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tó jẹ́ pé àwòrán nìkan la ti ń rí giramafóònù ni ìwo ń tàn jẹ.

Ká tiẹ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó bá a rìn ló dùn mí jù. Páànù pẹlẹbẹ kan wà tó ní àwòrán ajá tó tẹ́tí sí ìwo, ajá Nipper tí Francis Barraud yà, tí ilé iṣẹ́ Gramophone Company ra àwòrán rẹ̀ ní 1899. Abẹ́rẹ́ irin ló ń wà nínú irú páànù bẹ́ẹ̀, igba lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ojú àwo kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ kan wà fún. Tó bá ti kọrin tán, ó di jíjù nù. Ìyá àgbà ilé náà ti da àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ nù tipẹ́, aṣáà ló ń bù sí páànù náà.

Èkejì ni irin kan tó dà bí ẹ̀mú, tó ní abẹ kékeré lẹ́nu. Ẹnì kan ní irin eléyín ni, ẹlòmíràn ní sìgá ni wọ́n fi ń gé. Àwọn ọmọ ilé fi í gé wáyà títí abẹ rẹ̀ fi ya. Abẹ́rẹ́ ọparun ni wọ́n ṣe irin yẹn fún. Abẹ́rẹ́ ọparun ní igun mẹ́ta; kì í ha àwo bí irin ṣe ń ha á, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè kú. Tó bá ti kú, wọ́n á fi irin yẹn gé ṣóńṣó rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á tún mú. Ẹni tó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílé fẹ́ràn àwo rẹ̀ gan-an, mo sì gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ ká ti kẹ́kọ̀ọ́.

Kò pẹ́, àbíkẹ́yìn náà ra òmíràn ní Èkó, èyí tó níwo: idẹ tó ń dán yanran, àpótí onígun mẹ́jọ, ajá alájá lára. Owó gidi ló fi rà á. Nígbà tí gbogbo ẹbí wálé Kérésì, ó gbé àwo LP Comfort Omoge, olórin àṣíkò ọmọ Ìkálẹ̀, lé e lórí. Giramafóònù ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, LP ń yí 33. Orí tó gbé abẹ́rẹ́ irin náà wúwo ju 100 gíráàmù lọ, bẹ́ẹ̀ gíráàmù díẹ̀ péré ni LP lè gbà. Ohùn obìnrin náà sáré bí ohùn ọmọdé, ó ń ha, nígbà tó sì máa fi gbé e kúrò, ojú àwo ti ṣe funfun.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tú ìdí àpótí náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ alágbèéká àlòkù ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n tà fún onírin. Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ayédèrú yìí. Giramafóònù alágbèéká pọ̀ lọ́hùn-ún, nítorí Gramophone Company ti dá ilé iṣẹ́ sí Kolkata láti 1908. Wọ́n á yọ ẹ̀rọ inú èyí tó ti gbó, wọ́n á kan àpótí tuntun fún un, wọ́n á fi ìwo idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé e, wọ́n á lẹ ajá mọ́ ọn. Ìgbọ̀nwọ́ irin tó gbé ìwo dúró lẹ́yìn sábà máa ń tóbi gọ̀dọ̀gbà, bíi ti páìpù omi. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwo náà ní iyì tirẹ̀. Ní 1922, Rẹ́fúrẹ́ǹdì J.J. Ransome-Kuti gba orin Yorùbá tó lé ní ogójì sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwo Zonophone ní London. Irú àwo bẹ́ẹ̀ lè wà lábẹ́ ibùsùn ẹnì kan títí di òní. Tí ẹ bá rí i, ẹ má fi sípírítì nù ún, nítorí oje kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é á yọ́. Ẹ má tú sípíríǹgì ẹ̀rọ fúnra yín, ó lè gé ọwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ bá nínú àpótí pọ̀ síbì kan, títí kan èyí tí ẹ kò dá mọ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn kí onírin tó dé.