Ìtìjú Kò Gbọdọ̀ Lé Aláìsàn Kúrò Nínú Sáàfù

Gbogbo ọpẹ́ ti Allah ni, Ọba tí ó dá àìsàn, tí ó sì dá ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Allah. Ọ̀rọ̀ wa ní Jímọ̀ òní dá lórí jẹjẹrẹ pírósítéètì, àìsàn tí ó ń mú ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin ọkùnrin ilẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè má fi àmì kankan hàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti lé ní 40 ọdún, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA.

Ànábì wa pa á láṣẹ pé kí á wá ìtọ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka sọ fún gbogbo ayé ní 2014 pé àìsàn yìí mú òun, òun sì gba ìtọ́jú. Ní 2024, ó pé 90 ọdún.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà ní wàhálà tirẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lè mú kí ìtọ̀ máa jò. Abẹ́rẹ́ tí ó ń dín họ́mónù ọkùnrin kù lè fa ooru òjijì, àárẹ̀, àìlera lórí ibùsùn àti ìbànújẹ́ ọkàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń dákẹ́, tí a ń sọ pé ọkùnrin kì í sunkún. Ànábì Yakub sunkún lórí Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun, síbẹ̀ kò jáde kúrò nínú súúrù. Ẹni tí ìbànújẹ́ kò bá jẹ́ kí ó sùn, kí ó ké pe Ọlọ́hun, kí ó sì sọ fún dókítà rẹ̀. Èyí kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Àwọn mìíràn ń fi Jímọ̀ sílẹ̀ nítorí ìtọ̀ tí ń jò. Ẹ gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀: nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àìsàn kò dá lára Fatimah ọmọ Abu Hubaysh, Ànábì kò ní kí ó tìtorí rẹ̀ fi ìrun sílẹ̀. Lórí èyí ni àwọn onímọ̀ gbé ìdájọ́ ìtọ̀ tí kò dá kà. Kí aláìsàn fọ ara rẹ̀ mọ́, kí ó wọ páàdì, kí ó ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, kí ó sì kírun. Èyí tí ó bá jò lẹ́yìn náà kò ba ìrun rẹ̀ jẹ́. Àyè rẹ̀ ṣì wà nínú sáàfù wa.

Ẹ̀yin ìyá wa, àìlera ọkọ yín kì í ṣe ìkórìíra. Aṣọ ni tọkọtaya jẹ́ fún ara wọn, aṣọ a sì máa bo àṣírí. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Ọba Akran, Ọ̀gbà àti Àgídìngbì, ẹ má ṣe yọ owó ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ lọ gba ìtọ́jú ní LASUTH. Ìlera loògùn ọrọ̀, ti ọ̀gá àti ti ọmọṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ìtọ́jú onítànṣán a máa gba ìlọ-bọ̀ ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti Agége dé ibùdó jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní 2019, ọ̀nà jìn fún ẹni tí ó ti rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á pín àwọn ọjọ́ náà láàrin ara wa. Bí a bá sì bẹ aláìsàn wò, kí á béèrè bí ọkàn rẹ̀ ti rí, kí á má béèrè ara nìkan.

Kí Allah wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó fi ọkàn wọn balẹ̀, kí Ó sì dárí jì wá. Àmín.