Inú Rírun Ọmọdé àti Ìbéèrè Tí A Ń Bẹ̀rù

Àwọn àgbà a máa wí pé ibi tí ọmọdé bá ń nàka sí tí ó ń sunkún, bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, baba rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé inú ara rẹ̀ ni ó ń nàka sí ń kọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní orúkọ púpọ̀ fún ìrora. Ọ̀fun lè máa dùn ún, ìtọ̀ lè máa ta á, ẹ̀rù lè máa bà á, kí ó sì wí pé inú ni ó ń run òun.

A kò gbọdọ̀ sáré dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ní ọdún 1958, John Apley àti Nora Naish kọ̀wé lórí ẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n yẹ̀ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni inú ń run lemọ́lemọ́, a kò sì rí àrùn kankan lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìgbẹ́ líle, aràn àti ibà pẹ̀lú a máa fà á. Ṣùgbọ́n bí èébì bá di àwọ̀ ewé, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ wá, tàbí bí inú bá le bí pákó, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọmọ náà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dúró se àgbo.

Ní ọdún 1962 ni C. Henry Kempe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ọwọ́ tí ó gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ oníṣègùn lè jẹ́ ọwọ́ tí ó ṣe é léṣe. Ó nira fún àwọn oníṣègùn láti gbà á gbọ́. Ó nira fún àwa náà, nítorí a kà á sí ìwà búburú láti ro ibi sí ẹnikejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè kò tíì dájọ́. Ìkúùkù lè ya ìfun ọmọdé kí awọ ara má sì ní àpá; nítorí náà, "n kò rí ọgbẹ́" kì í ṣe ìdáhùn.

Ọ̀nà tí a fi ń béèrè ṣe pàtàkì. "Kí ni ó ṣẹlẹ̀?" dára; "Ṣé bùrọ̀dá rẹ ni?" kò dára, nítorí ọmọdé a máa fẹ́ fún àgbà ní èsì tí ó wù ú. Kí a má ṣèlérí pé a óò pa á mọ́ ní àṣírí. Kí a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, kí a má sì pe ẹni tí a fura sí wá síwájú rẹ̀. Oníṣègùn ni yóò yẹ ara rẹ̀ wò, kì í ṣe olùkọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò ka ọ̀ràn yìí sí ti agbo ilé nìkan mọ́.

Èmi tí mo ń kọ èyí ti jẹ̀bi rí. Nígbà tí mo ń kọ́ni, ọmọbìnrin kékeré kan a máa di inú mú ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé ọ̀lẹ a máa ṣàìsàn ní òwúrọ̀, kí ó má baà wá sí ilé-ìwé. Ti ọmọ yìí, nígbà tí a bá lu agogo ìlọsílé ni. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ará ilé rẹ̀ kó kúrò ní ìlú. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá aràn ni, tàbí ènìyàn.