ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: "Mo Mọ Bí Mo Ṣe Ń Tẹ̀ Ẹ́"

Ẹ ka: Ẹ́kísódù 21:28-29

 

Tẹ́ ẹ bá bi awakọ̀ kan ní Fọlágbadé pé kí ló dé tó fi ń tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró, á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mo mọ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́." Òótọ́ ló sọ. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n yẹn dá a láre, àbí òun gan-an ló máa dá a lẹ́bi?

Òìlì búréèkì kì í súnkì tí a bá tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ máa ń súnkì. Tí òìlì bá lọ sílẹ̀ jù nínú ike ẹ̀, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ nǹkan nídìí táyà, afẹ́fẹ́ lè wọlé, pẹ́dà á sì máa wọlẹ̀. Èèyàn lè lé e jáde nílé, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, nǹkan ti wọ́n. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà, á dì í mú. Ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn táyà, òìlì àti afẹ́fẹ́ á jáde, á sì dè é padà kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbẹ́sẹ̀. "Ṣé kí n gbẹ́sẹ̀, Dádì?" "Rárá, dúró ná!" Tó bá yára gbẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ á tún wọlé. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe é yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni táyà kẹrin. Ilẹ̀ ti ń ṣú, nọ́ọ̀tì ti dípẹtà, pẹ́dà sì ti le díẹ̀. "Á gbé e."

Nínú Ẹ́kísódù, tí màlúù bá kan èèyàn pa tí kò ṣe irú ẹ̀ rí, olówó ẹ̀ bọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti máa ń kàn, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó ẹ̀ tí kò so ó, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Olówó màlúù lè mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwo ẹ̀ o. Ọmọ aládùúgbò ò mọ̀ ọ́n.

Ní òpópónà Ṣàgámù sí Benin, ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà wo lẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta? Èrò tó wà lẹ́yìn ò sì bá yín ṣe àdéhùn kankan. Ẹ̀ ń sọ pé tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn, wọn ò ní wọ̀ ọ́? Ẹ ti dá ara yín lóhùn nìyẹn.

A máa ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọkọ̀ ká tó gbéra. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí i kà pé kí olówó màlúù máa gbàdúrà dípò kó wá okùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe tiyín lópin ọ̀sẹ̀, ẹ jí ọkọ̀ láàárọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ṣì ń rọ̀ tàbí tó ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ pe mọkálíìkì kó wá bá yín nílé. Àwọn ọmọ lè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé ìwé lónìí.