Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Ọ̀nà kan ò wọjà, làwọn àgbà ń wí. Ọjà là ń lọ. Ọ̀nà kì í ṣe ọjà. Bí a bá sì débẹ̀ tán, ẹni tó gba ibòmíràn wá ni yóò rajà lọ́wọ́ wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣèlú rí. Ẹ wo ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 l'Ékòó: Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454, Bọ́lá Tinúbú ti APC ní 572,606. Ìyàtọ̀ wọn kò tó 10,000. Ta ló wá lè sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ará Èkó ń tọ̀? Ní Ṣómólú níbẹ̀, tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, ẹ̀rọ tó tẹ pósítà APC láàárọ̀ lè tẹ ti Labour nírọ̀lẹ́. Òjò tó bá sì kún gọ́tà kì í béèrè káàdì ẹgbẹ́.

Èmi náà ní ẹgbẹ́ tí mò ń dìbò fún. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ mi bá ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ bú ẹgbẹ́ kejì, ṣé n ó pariwo bákan náà? Bí mo bá dákẹ́, ọ̀nà ni mò ń sìn, mo ti gbàgbé ọjà. Aládùúgbò tí ìbò rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi kì í ṣe ọ̀tá mi. Ọjà kan náà la jọ ń ná.