Ìyá Odi Ló Ń Gbọ́ Èdè Odi: Ǹjẹ́ Ó Tó Bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà ní ìyá odi ló ń gbọ́ èdè odi. Ìyìn ni a máa ń fi òwe yìí ṣe fún ìyá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gba sùúrù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo òwe náà láti ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́ ohun tí ó ń wí, ta ni yóò gbọ́ ọ ní ọjọ́ tí ìyá bá lọ sí ọjà, tàbí ní ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé bá ìyá? Ǹjẹ́ ohun tí ó tẹ́ ìyá lọ́rùn tó fún ọmọ?

Orúkọ tí a ń pè é gan-an ni ó kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní odi, kò sí ohun tí ó ṣe ahọ́n rẹ̀. Etí ni. Ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti inú oyún, oṣù púpọ̀ ni yóò sì fi gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó tó lè sọ ẹyọ kan. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ wa ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. A gbọ́ ọ ni. Ọmọ tí kò gbọ́ràn ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń dá ohùn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ìyá kì í fi í fura. Bí ẹnìkan bá gbá ilẹ̀kùn, ó lè yí ojú padà, nítorí pé ilẹ̀ mì lábẹ́ rẹ̀ tàbí pé ó rí òjìji. A ó ní, “Ó kúkú gbọ́!” Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá ń wí “ba-ba-ba, da-da-da” ní nǹkan bí oṣù 7 tàbí 8, tirẹ̀ kò ní jáde geere. Ìyá ọkọ yóò ní kí a fọkàn balẹ̀, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Báyìí ni ọdún 2 tàbí 3 ṣe ń lọ.

Ọdún wọ̀nyẹn wọ́n. Ní 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí a tètè mọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù 6, tí a sì ran àwọn òbí wọn lọ́wọ́ kíá, ní èdè ju àwọn tí a pẹ́ mọ̀ lọ dáadáa, yálà ẹnu ni ilé wọn fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ tàbí ọwọ́. Nítorí náà, etí nìkan kọ́ ni ó ń fa ọmọ sẹ́yìn. Àwọn ọdún tí ó lò láìsí èdè kankan wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa onígbàgbọ́. Àwọn kan nínú wa gbà pé ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní èdè ọwọ́ ti gba kámú fún iṣẹ́ ọ̀tá, pé ẹni tí ń retí ìwòsàn kò gbọdọ̀ múra sílẹ̀ fún àìgbọ́ràn. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹkún ni wọ́n fi dé ibi ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sì jẹ́ kí á dákẹ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n ìgbà ta ni a fi ń dúró? Bí èmi bá ń dúró de Olúwa fún ilé tàbí fún owó, ọjọ́ ayé tèmi ni mo ń ná. Ìyá tí ó ń dúró láìfún ọmọ ní èdè, ọjọ́ ayé ọmọ ni ó ń ná, ọmọ ọdún 2 kò sì lè sọ pé òun fara mọ́ ọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ gbogbo wà.

Ẹ rántí Sakaráyà. Nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ sí i, òun náà sì béèrè wàláà, ó kọ orúkọ ọmọ sí i. Kò sí ẹni tí ó ní àpẹẹrẹ náà yóò dí ìwòsàn lọ́wọ́. Ìgbà tí ó kọ ọ́ tán ni ahọ́n rẹ̀ tú. Jésù pàápàá, nínú Máàkù orí 7, kí ó tó sọ pé “Efata,” ó fi ìka kan etí adití náà, ó fi ọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè ọ̀run. Ó kọ́kọ́ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí ó lè yé e.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ yóò ya ọ̀lẹ. Kò sí ẹ̀rí tí ó dúró lẹ́sẹ̀ fún èyí. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn dára fún ọmọ tí ó bá yẹ, bí a bá lè máa ra bátìrì rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tó fún ẹni tí etí rẹ̀ kú pátápátá. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, àwa Yorùbá ni a wí bẹ́ẹ̀.

Ní Nicaragua, kí ọdún 1977 tó dé, ọ̀pọ̀ adití ni ó wà nínú ilé, tí kálukú ń lo àpẹẹrẹ tí òun àti ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀. Nígbà tí a kó wọn jọ sí ilé ìwé ní Managua, èdè Spéènì ni àwọn olùkọ́ fẹ́ fi sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní pápá ìṣeré, àwọn ọmọ náà kó àpẹẹrẹ ilé wọn pọ̀, láàárín ọdún díẹ̀ ó di èdè, àwọn kékeré tí ó dé lẹ́yìn sì tún mú un gbòòrò sí i. Ẹgbẹ́ ni ó sọ ọ́ di èdè. Andrew Foster, míṣọ́nnárì aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ di adití ní ọmọ ọdún 11, mọ èyí nígbà tí ó dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Òun ti ní èdè kí etí rẹ̀ tó dí. Àwọn tí ó wá bá ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní in rí.

Ó ń ni ìyá lára, mo mọ̀, pàápàá ẹni tí ó ń kiri ọjà tí ọmọ mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní òun nìkan ni kí ó kọ́ ọ? Bàbá ní ọwọ́ méjì, ẹ̀gbọ́n ní ọwọ́ méjì, olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi náà ní. Ìyá àgbà ọmọ ọdún 70 lè má mọ gbólóhùn gígùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ, omi, ìrora, “wá,” “dúró,” àti orúkọ ọmọ náà, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí ó tó mọ̀ wọ́n.