Ìkúnwọ́ Ìyẹ̀fun Kan



Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 17, nígbà tí Èlíjà tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ opó Sáréfátì, opó náà mọ̀ dájú ohun tó kù nílé: ìkúnwọ́ ìyẹ̀fun kan àti òróró díẹ̀. Àwa ńkọ́? Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ọkọ̀, búrẹ́dì ti wọ́n sí i. Púpọ̀ nínú wa ti ra àwìn tí a kò lè sọ fún ọkọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a máa wo inú ilé, kí a kọ ohun tí a ó rà sílẹ̀, kí a tó lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ kí a máa yan búrẹ́dì fúnra wa. Ẹni tí kò ní ààrò lè da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, kó gbé e ka iná èédú, kó gbé agolo búrẹ́dì sórí yanrìn náà, kó sì dé e.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́wóná kì í ṣe ahun. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni opó náà kọ́kọ́ fún jẹ. Kí àwa náà rántí opó àdúgbò wa. Kí Olúwa má jẹ́ kí ìyẹ̀fun ilé wa tán. Àmín.