Ìdápadà Ohùn: Ta Ni Olóòótọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ohun tí a bá fún ẹ̀ṣọ́ ni ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́." Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe lóye òwe yìí ni pé olóòótọ́ ni ẹni tí kò fi kún ohun tí a fi sí i lọ́wọ́, tí kò sì yọ nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyí: ǹjẹ́ ènìyàn lè jíṣẹ́ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ kí ó má jẹ́ olóòótọ́?

Àpótí kékeré kan ló mú ìbéèrè náà wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Ouagadougou, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣòwò títí ó fi dolóògbé. Lára ogún tí ó jẹ ni àwọn àwo orin àwọn ọdún 1970, ṣáájú 1984 tí Haute-Volta di Burkina Faso: orin ẹgbẹ́ Volta Jazz ti Bobo-Dioulasso, àti ti Amadou Balaké, gbajúmọ̀ olórin tó kú ní 2014. Ọmọ náà ra giramafóònù olówó pọ́ọ́kú, ó so ó mọ́ ampilifáyà ilé, ó sì gbé àwo sí i. Ohùn tó jáde tín-ín-rín bí igbe ẹ̀fọn. Ó pè mí, ó ní, "Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọrin láyé ìgbà náà nìyí? Kò jọ pé àwọn àwo yìí tó ohun tí à ń tọ́jú." Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní phono preamp ni kò sí láàárín. Ó kọ̀. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ kankan fi tirẹ̀ kún ohùn olóògbé. Òótọ́ ni mo ń wá."

Ẹ jẹ́ kí a wo òótọ́ tó ń wá. Nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ohùn sára àwo, wọn kì í gbẹ́ ẹ bí olórin ṣe kọ ọ́. Wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, nítorí pé bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ ní kíkún, ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ yóò fẹ̀ jù, orin díẹ̀ ni àwo yóò sì gbà. Wọ́n tún máa ń gbé ohùn òkè ga, kí ariwo híhó tó wà lára àwo lè rọlẹ̀ nígbà tí a bá dá ohùn náà padà sí ipò rẹ̀. Ní 1954, RIAA, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà, fi ìlànà kan lélẹ̀ lórí ìwọ̀n ohun tí a ó dín àti èyí tí a ó gbé ga, àwọn ilé-iṣẹ́ káàkiri àgbáyé sì wá tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ phono preamp ni láti tú ohun tí ìlànà náà dì: bí a bá fi ohùn àárín ṣe òṣùwọ̀n, yóò gbé ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ ga ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá, yóò sì dín èyí tó ga jù lọ kù ní ìwọ̀n kan náà. Yóò tún sọ agbára iná tó ti ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ wá, nǹkan bíi mílífóòtì márùn-ún péré, di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí àwa olùkọ́ èdè. Ẹ kọ *oko* láìfi àmì kankan sí i: oko tí à ń ro ni, tàbí òkò tí à ń jù, tàbí ọkọ ìyàwó, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tàbí ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè? Èdè Mòoré tí àwọn Mossi ń sọ ní Ouagadougou jẹ́ èdè olóhùn bíi tiwa, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà fi àmì ohùn kọ ọ́. Ẹni tó gbọ́ èdè ló ń dá ohùn padà bí ó ti ń kà. Bákan náà ni ìlù bendré, tí agbẹjọ́rò Titinga Frédéric Pacéré sọ ìmọ̀ rẹ̀ di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó pè ní *bendrologie*: ìró nìkan ni ìlù ń dá, etí tó mọ àṣà ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ ń parọ́.

Èrò tèmi ni pé òótọ́ kò sí nínú ohun tó wà lọ́wọ́ nìkan. Ó wà nínú àdéhùn tó wà láàárín ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á. Ẹni tó gbọ́ àwo láìdá ohun tí wọ́n yọ padà kò fi nǹkan kan kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ló gbọ́. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó fi àìpé irinṣẹ́ tirẹ̀ dá òkú lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe ka èdè wa láìmọ ohùn rẹ̀, tí wọ́n sì sọ pé òtòṣì èdè ni.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ǹjẹ́ èyí kò ṣílẹ̀kùn fún àsọdùn? Ó lè ṣí i, bí a kò bá ṣọ́ra. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ní bọ́tìnì tí a fi ń mú ohùn ìsàlẹ̀ kì sí i bó bá ṣe wuni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, bí onítọ̀hún bá ti gbà pé ìfẹ́ òun ni, kì í ṣe ti olórin. Ìlànà kan náà kò sì bá gbogbo àwo mu. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀n, ṣáájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gba ohùn sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ìlànà 1954 gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ ń dá ohun tí ẹnikẹ́ni kò yọ padà.

Ìmọ̀ràn tí mo gba ọmọ náà kò le. Kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀yìn ampilifáyà rẹ̀ ní ojú ihò tí wọ́n kọ *Phono* sí, tàbí bóyá giramafóònù náà ní preamp tirẹ̀ nínú. Bí ọ̀kan bá wà, kí ó má ra òmíràn, nítorí pé ìdápadà ẹ̀ẹ̀mejì ti di àsọdùn. Bí kò bá sí, kí ó ra èyí tó bá irú abẹ́rẹ́ rẹ̀ mu: *moving magnet* ló wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ olùbẹ̀rẹ̀, nígbà tí iná *moving coil* kéré sí i gan-an, tó sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó so wáyà ilẹ̀ kí ẹ̀rọ má baà máa kùn. Kí ó má ṣe sanwó fún bọ́tìnì tí kò nílò.

Ó ra èyí tó rọrùn jù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó tún pè mí, kò sọ̀rọ̀; ó kàn gbé fóònù sún mọ́ gbohùngbohùn. Mo gbọ́ gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tó ń rìn lábẹ́ orin. Nígbà tó yá ó ní, "Bàbá, díẹ̀ ló kù kí n tà wọ́n."

Ohun tí a bá fún ẹ̀ṣọ́ ni ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí a fún un.